Kírísítálì Tó Ń Tẹ̀, Tó Sì Ń Tàn: Ibi Tí Ìmọ́lẹ̀ Ti Ń Jò

Ẹ gbé kírísítálì kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ sórí gíláàsì, kó gùn tó 200 µm (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), kó nípọn tó 5 µm. Ẹ tan lésà 405 nm (nm ni a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún µm) sí ojú kan péré láàárín rẹ̀. Ojú ibi tí lésà bà yóò tàn. Orí rẹ̀ méjèèjì náà yóò tàn yòò, bẹ́ẹ̀ lésà kò dé ibẹ̀ rárá. Láàárín ojú yẹn sí orí kọ̀ọ̀kan, òkùnkùn ni. Òkùnkùn yẹn gan-an ni inú wa ń dùn sí: ìmọ́lẹ̀ tí àwọn mólíkù tú jáde kò jò lójú ọ̀nà, inú kírísítálì ló gbà títí tó fi yọ lẹ́nu.

Ohun tí a ń wá fún sákíìtì oníìmọ́lẹ̀ nìyẹn, ìyẹn sákíìtì tí ìmọ́lẹ̀ ń ru ìròyìn níbi tí iná mànàmáná ì bá ti rù ú. Àwọn ọ̀nà-ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ sára sílíkọ́nì dára, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbẹ́ wọn tán, bí wọ́n ṣe rí ni wọ́n máa wà, sílíkọ́nì fúnra rẹ̀ kì í sì í tú ìmọ́lẹ̀ tó nǹkan jáde. Kírísítálì oníkábọ́ọ̀nù ń tú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ó ń gbé e rìn, àwọn kan nínú wọn sì ń tẹ̀ láì ṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ ni pé kírísítálì tó ń tàn jù kọ́ ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ jù, títẹ̀ kọ́ ló sì sábà máa ń pa ìmọ́lẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń pa á: kí mólíkù máa mu ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀, kí ara kírísítálì rí gbágungbàgun, àti kí gíláàsì abẹ́ rẹ̀ máa fa ìmọ́lẹ̀ jáde.

Ìdí tí kì í fi í ṣẹ́

Oríṣi títẹ̀ méjì ló wà, kò sì yẹ kí a dà wọ́n pọ̀. Nínú èkíní, àwọn mólíkù tò ní ìpele-ìpele bí ojú ewé ìwé. Bí a bá tì í, ìpele kan á yọ̀ lórí èkejì, kò sì ní padà mọ́. Hexachlorobenzene ni àpẹẹrẹ tí gbogbo èèyàn mọ̀. Nínú èkejì, àwọn mólíkù há mọ́ra wọn bí ìka ọwọ́ méjì tó wọnú ara wọn. Kò sí ìpele tó lè yọ̀ lọ. Etí òde á nà díẹ̀, etí inú á sún mọ́ra díẹ̀, bí a bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, á na tọ́ padà bí ẹ̀ka tútù. Ní 2012 ni C. Malla Reddy àti akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Íńdíà fi irú èyí hàn kedere nínú kírísítálì tí wọ́n fi caffeine, 4-chloro-3-nitrobenzoic acid àti methanol ṣe. Ní 2016, Shotaro Hayashi àti akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánù gbé èyí tó ń tẹ̀ tó sì ń tàn jáde. Ní 2018, ẹgbẹ́ Hongyu Zhang ní Yunifásítì Jilin ní Ṣáínà fi hàn pé irú kírísítálì bẹ́ẹ̀ lè gbé ìmọ́lẹ̀ kọjá nígbà tó wà ní títẹ̀.

Fún iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀, èyí tó ń padà sípò ni mo fara mọ́. Èyí tí ìpele rẹ̀ ń yọ̀ máa ń bẹ́ sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbi ìtẹ̀, àlàfo tín-ín-tín tó bá sì ṣí sílẹ̀ láàárín fẹ́lẹ́ méjì á fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Ẹ ó rí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù bí ìlà tó ń dán níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan ti tàn.

Ìṣírò kan wà tí ó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan kírísítálì. Ẹ wọn bó ṣe nípọn tó, ẹ pè é ní t. Ẹ ro òbírí tí ìtẹ̀ náà jẹ́ apá kan rẹ̀, kí ẹ sì pe jíjìn láti àárín òbírí yẹn sí etí rẹ̀ ní R. Iye tí etí òde yóò nà ni t ÷ 2R. Kírísítálì 5 µm tí a tẹ̀ dé R 250 µm ti nà ní 1%. Èyí tó nípọn ní 2 µm kò tíì nà ju 1% lọ nígbà tí R rẹ̀ bá jẹ́ 100 µm. Ìdí nìyẹn tí kírísítálì kan náà fi ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ tó bá ki, tó sì ń ká bí okùn tó bá tín-ín-rín. Àwọn tó dára lè nà ní ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún láì sán. Ẹ má ṣe fi kírísítálì tó ki dán sákíìtì wò, kí ẹ wá sọ pé mólíkù náà kò dára.

Ohun kan tún wà: ọ̀pọ̀ wọn kì í tẹ̀ sí gbogbo ìhà. Ojú kan á gbà, ojú kejì á ṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú di orí kan kírísítálì ńlá tó gùn tó 5 mm mú, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tì í ní ojú tó fẹ̀, lẹ́yìn náà ní ojú tó tín-ín-rín, kí ẹ sì kọ èyí tó gbà sílẹ̀. Nínú irú kan náà, kékeré á máa ṣe bí ńlá ti ṣe.

Mólíkù tó máa ń mu ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀

Mólíkù kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tó ń mu àti àwọ̀ tó ń tú jáde. Bí àwọ̀ méjèèjì bá wọ ara wọn, ìmọ́lẹ̀ tí mólíkù kan tú jáde, èyí tó wà níwájú rẹ̀ á gbé e mì. Kírísítálì náà lè máa tàn gbòò lójú, kí orí rẹ̀ sì máa ṣe bàìbàì. Àmì àìsàn yìí rọrùn láti mọ̀: bí ẹ bá ń sún lésà jìnnà sí orí, apá búlúù ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀ á máa dínkù ṣáájú apá pupa, àwọ̀ náà á sì máa fà sí pupa. Èéfín nìyẹn, iná rẹ̀ kò jìnnà.

Ojúlówó àtúnṣe rẹ̀ ni kí a yan mólíkù tí àlàfo ńlá wà láàárín ohun tó ń mu àti ohun tó ń tú. Ìdílé tí a ń pè ní Schiff base, èyí tí a ṣe láti ara 2-hydroxy-1-naphthaldehyde tàbí salicylaldehyde, dára púpọ̀ fún èyí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, pírótónù kan máa ń ṣí kúrò lára ọ́síjìn lọ sára náítírójìn tó wà nítòsí. Mólíkù tó tú ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó mu ún mọ́, nítorí náà àwọn ará ilé rẹ̀ kò lè gba ìmọ́lẹ̀ náà padà bẹ́ẹ̀ lásán.

Ẹ má tún jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ inú omi (omi tó ń yọ́ mólíkù, kì í ṣe omi mímu) tàn yín jẹ. Ọ̀pọ̀ mólíkù ló ń tàn nígbà tó yọ́ sínú omi, tó ń kú nígbà tó di kírísítálì nítorí wọ́n sún mọ́ra jù. Àwọn kan sì wà tí kì í tàn nínú omi àfi tí wọ́n bá kó jọ. Ben Zhong Tang àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún ìṣesí kejì yìí ní orúkọ ní 2001. Inú kírísítálì ni kí ẹ ti wọn àwọ̀, kì í ṣe inú ìgò.

Bí mólíkù ṣe tò náà ṣe pàtàkì. Perylene ni kí ẹ wò: mólíkù kan náà, oríṣi kírísítálì méjì. Nínú α, àwọn mólíkù so pọ̀ ní méjì-méjì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì máa ń fà sí yẹ́lò àti pupa. Nínú β, wọ́n dá dúró, ó ń tan àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá rí àwọ̀ méjì lórí gíláàsì kan, ẹ má rò pé ìdọ̀tí ló wọ̀ ọ́.

Bí a ṣe ń hù ú

Fún Schiff base, ẹ mú 172 mg 2-hydroxy-1-naphthaldehyde àti 173 mg 2-amino-5-bromopyridine, ìyẹn 1 mmol ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí iye mólíkù wọn lè dọ́gba. Ẹ yọ́ wọn sínú 10 mL ẹ́tánọ́ọ̀lù, kí ẹ sè é lábẹ́ ohun tó ń dá ooru rẹ̀ padà fún wákàtí mélòó kan. Ohun líle tó ní àwọ̀ yóò gbá jọ bó bá tutù. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ẹ́tánọ́ọ̀lù tútù ṣàn án, kí ẹ tún yọ́ ọ kí ẹ sì tún jẹ́ kó gbá jọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Má ṣe fo ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yẹn. Amine (ìyẹn 2-amino-5-bromopyridine) tí kò tíì wọlé lè mú kí kírísítálì máa hù ní ìtàkùn-ìtàkùn.

Fún èyí tó kéré tó yẹ sákíìtì, ẹ yọ́ 1 mg sínú 1 mL dichloromethane tàbí irú omi bẹ́ẹ̀, kí ẹ ro 20 sí 30 µL sórí gíláàsì tó mọ́, kí ẹ sì fi àwo gíláàsì bò ó kó má yára gbẹ. Fún èyí tó gùn, ẹ yọ́ 5 mg sínú 1 mL dichloromethane nínú ìgò tó dín, kí ẹ rọra da 3 mL methanol lé e lórí láti ara ògiri ìgò. Dichloromethane wúwo ju methanol lọ, ìsàlẹ̀ ló máa jókòó sí, kírísítálì á sì máa hù ní ojú ibi tí méjèèjì pàdé. Ẹ fi bébà onírin dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ lu ihò méjì mẹ́ta. Ẹ gbé e sí ibi tí nǹkan kì í ti mì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Bó bá yára jù, orí kírísítálì á ṣófo bí ọ̀pá ìfun, ara rẹ̀ á sì ní àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: lábẹ́ máíkírósíkóòpù, pẹ̀lú polarizer méjì (gíláàsì tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa mì sí ìhà kan ṣoṣo) tí a gbé dábùú ara wọn, kírísítálì tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo máa ń ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà láti orí dé ìdí bí a bá ń yí i. Èyí tó bá ṣókùnkùn ní apá kan tí apá kejì ń tàn, ìbejì ni. Ẹ fi í sílẹ̀.

Títẹ̀ é lórí gíláàsì

Abẹ́rẹ́ AFM (atomic force microscope, ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-tín fọwọ́ kan ojú nǹkan) ni wọ́n ń lò, ẹgbẹ́ Rajadurai Chandrasekar ní Yunifásítì Hyderabad sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ní orúkọ tirẹ̀, mechanophotonics. A máa ń fi abẹ́rẹ́ náà ti kírísítálì ní ẹ̀gbẹ́, a máa ń gbé e, a máa ń gé e, a sì máa ń tò ó síbi tó wù wá.

Ìbéèrè tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò bi ni pé: bí kírísítálì bá ń padà sípò bí ẹ̀ka tútù, kí ló ń dì í mú kó wà ní títẹ̀ lórí gíláàsì? Lílẹ̀ mọ́ gíláàsì ni. Kírísítálì tó jẹ́ 5 µm fúyẹ́ gan-an, ojú rẹ̀ tó kan gíláàsì sì fẹ̀ sí bó ṣe tóbi tó. Agbára tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ borí agbára tó fẹ́ fi na tọ́ padà. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gbé e kúrò nílẹ̀, á na tọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè lo èyí láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló ń padà sípò.

Láti inú ìmọ̀ yìí ni gbogbo àṣìṣe ti ń wá. Eruku kan lábẹ́ rẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè, ibẹ̀ kò lẹ̀, kírísítálì á sì ta kúrò ní ìtẹ̀. Èyí tó kúrú ní ojú lílẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹ má retí kí 40 µm dúró ní ìtẹ̀ tó ká jù. Ẹ fọ gíláàsì pẹ̀lú acetone, lẹ́yìn náà isopropanol, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ pẹ̀lú náítírójìn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ẹ tì í ní 2 sí 5 µm, ẹ dúró, ẹ tún tì í níbòmíràn. Ẹni tó bá tì í lójú kan ṣoṣo ń kó gbogbo ìnà jọ síbẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa ti sán. Orí tó wà ní jíjìn sí abẹ́rẹ́ máa ń yọ̀, ẹ lè fi kírísítálì mìíràn tó ki dúró síbẹ̀ bí òkúta ìdádúró.

Gíláàsì tó di kírísítálì mú yìí kan náà ló ń jí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà n ti ohun kan ni iye ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ fi lọ́ra nínú rẹ̀ ju ibi tó ṣófo lọ. Bí ti kírísítálì bá jẹ́ 1.7, tí ti afẹ́fẹ́ jẹ́ 1.0, ìmọ́lẹ̀ tó bá kan ògiri ní igun tó ju 36° lọ sí ìlà tó dúró ṣánṣán lórí ògiri náà á ta padà sínú. Níbi tí gíláàsì 1.5 wà, àfi tó bá ju 62° lọ. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín 36° sí 62° ló ń bá abẹ́ lọ. Tí ẹ bá fi magnesium fluoride bo gíláàsì, tí n rẹ̀ jẹ́ 1.38, igun náà á bọ́ sí nǹkan bí 54°. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ gbé kírísítálì gba orí àlàfo láàárín gíláàsì méjì bí afárá. Ẹ wọn orí rẹ̀ lórí afárá àti lórí gíláàsì. Ìyàtọ̀ náà máa ń hàn sí ojú lásán. Ti ìtẹ̀ fúnra rẹ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sán, nítorí pé 1.7 sí 1.0 jẹ́ ògiri gíga tí ìmọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí fò.

Wíwọn àdánù

Ẹ lo lésà 405 nm, kí ẹ sì dín agbára rẹ̀ kù dé ìwọ̀n máíkírówáàtì. Gíláàsì máíkírósíkóòpù tó ń fẹ nǹkan lójú ní 50× sókè tó. Ẹ gbé asẹ́ tó ń dí lésà síwájú kámẹ́rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lésà ni ẹ máa wọn. Ẹ tan lésà sí ojú kan, kí ẹ gba ìmọ́lẹ̀ ojú náà, kí ẹ sì gba ti orí. Ẹ sún lésà ní 10 µm, kí ẹ tún ṣe é, ó kéré tán ní ojú márùn-ún.

Ìpín ìmọ́lẹ̀ orí sí ti ojú lésà ni ohun tó ṣe pàtàkì. Ká ní ó jẹ́ 0.60 nígbà tí lésà wà nítòsí, ó wá di 0.30 lẹ́yìn tí a sún un 40 µm síwájú. Ìdajì ló kù, ìdajì sì jẹ́ 3.01 dB (desibẹ́ẹ̀lì, ohun tí a fi ń wọn àdánù ìmọ́lẹ̀). Ẹ pín in sí 40 µm: 0.075 dB fún µm kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tò gbogbo ojú náà sórí ìlà, tí ìlà náà kò gún, ẹ má fi agbára gba nọ́ńbà kan jáde. Ó lè jẹ́ pé sísán kan wà lójú ọ̀nà, tàbí pé lésà ti ń jó àwọn mólíkù. Ẹ padà sí ojú àkọ́kọ́ kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá ti dínkù, lésà yín le jù.

Ẹ wọn kírísítálì kan náà nígbà tó tọ́ àti nígbà tó tẹ̀. Fífi kírísítálì kan tó tọ́ wé òmíràn tó tẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa ìtẹ̀, nítorí pé kò sí méjì tí ara wọn rí bákan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ya ìrìn méjì sọ́tọ̀. Bí mólíkù bá mu lésà tó sì tú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà ń lọ sí orí méjèèjì, kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bí ẹ bá sì ki ìmọ́lẹ̀ tí kírísítálì kì í mu, bí 633 nm, sí orí kan, á gba inú rẹ̀ lọ sí orí kejì láì yí àwọ̀ padà, àdánù rẹ̀ sì sábà máa ń kéré. Ẹni tó fẹ́ kí ìròyìn lọ sí apá kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ronú sí èyí kó tó ya àwòrán sákíìtì rẹ̀.

Ìsopọ̀ àti òrùka

Bí kírísítálì méjì bá fara kan ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìmọ́lẹ̀ etí ọ̀kan máa ń yọ́ wọ èkejì. Ká ní èkíní ń tan búlúù ní nǹkan bí 450 nm, tí èkejì jẹ́ 9,10-bis(phenylethynyl)anthracene. Èyí á mu búlúù náà, á sì tú àwọ̀ ọsàn tirẹ̀ sí orí rẹ̀ méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ tí kò rí mu á kọjá pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, á sì máa lọ sí apá tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Láti ẹnu ìsopọ̀ kan, ẹ rí àwọ̀ méjì sí ẹnu ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ tẹ ẹnu ìsopọ̀ náà mọ́ra dáadáa kó fara kan ara wọn fún 10 µm sókè. Àlàfo tó bá ti sún mọ́ gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti tó láti dí i.

Bí ẹ bá ká kírísítálì gígùn títí orí rẹ̀ fi kan ara rẹ̀, ẹ ti ní òrùka. Ìmọ́lẹ̀ á máa yí, àwọ̀ tí ìgbì rẹ̀ bá bá àyíká òrùka mu á sì ga ju àwọn yòókù lọ, tí ojú spectrum (àwòrán tó ń fi bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tàn tó hàn) á fi rí bí eyín ayùn. Àlàfo láàárín eyín méjì ni λ² ÷ (n × gígùn àyíká), λ ni gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, n tí ẹ ó sì lò níbí ni ti bí ìgbì àpapọ̀ ṣe ń lọ́ra, tó máa ń ga ju 1.7 lọ. Fún λ 550 nm, n 2.0 àti òrùka tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 20 µm, àyíká jẹ́ 62.8 µm, àlàfo á sì jẹ́ 2.4 nm. Ṣùgbọ́n kírísítálì tó tọ́, tó gùn ní 50 µm, náà máa ń ní eyín, nítorí orí rẹ̀ méjèèjì ń ṣe bí dígí: 1.5 nm ni tirẹ̀, nítorí lílọ àti bíbọ̀ ni a ń kà. Nítorí náà, ẹ ka eyín ṣáájú kíká àti lẹ́yìn kíká. Bí àlàfo wọn kò bá yí padà, ìmọ́lẹ̀ kò tíì gba òrùka, orí sí orí ló ṣì ń rìn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ti ẹnu ìsopọ̀ náà mọ́ra sí i kí ẹ sì tún un wọ̀n.